Àyẹ̀wò Turnitin: ohun tó yẹ kí olùkọ́ wò kó tó gbé máàkì lé iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́

Turnitin ni irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún (%) sọ bí ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe jọ ti ibòmíràn tó. Bí iṣẹ́ àṣekágbá bá kọjá iye tí ẹ̀ka fi lélẹ̀, bíi 25%, wọ́n á dá a padà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ti yege nìyẹn. Báyìí ni àwọn olùkọ́ kan ṣe ń lo Turnitin, kò sì tọ́. Irinṣẹ́ náà dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó jọra nìkan ló ń wá. Kò mọ olè yàtọ̀ sí ẹni tó tọ́ka síbi tó ti rí ọ̀rọ̀.

Ẹ mú iṣẹ́ méjì tó gba 24%. Nínú èkíní, àmì wà káàkiri: ojú-ìwé ìfisílẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ka ń kọ bákan náà, “descriptive survey research design” (orúkọ irú ìwádìí kan) ní orí kẹta, 1% níbí, 1% lọ́hùn-ún. Nínú èkejì, 15% wá láti orísun kan ṣoṣo: ìpínrọ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ léra ní orí kejì, láìsí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Èkejì yìí ló ní ẹjọ́ í jẹ́. Síbẹ̀ àwọ̀ ewé ni Turnitin fún àwọn méjèèjì, torí láti 1% títí dé 24% ni àwọ̀ ewé.

Kí ẹ tó kà á, ẹ yọ ìwé ìtọ́kasí àti àyọlò kúrò, kí ẹ sì ní kó fo ìbáramu tí kò tó ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ètò kan náà ni kí gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka lò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà á gba iye méjì. Bí Yorùbá bá ni àkọlé ìwé ìtọ́kasí, ẹ wò ó bóyá ó yọ ọ́ lóòótọ́.

Ibi tó ti ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára jù ni ibi ìpamọ́, níbi tí Turnitin ń tọ́jú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Bó bá ti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní káfè, tí wọ́n sì jẹ́ kí Turnitin tọ́jú rẹ̀, ẹ̀dà ìkẹyìn á bá ara rẹ̀ mu, iye lè fò kọjá 90%. Bí orísun àkọ́kọ́ bá jẹ́ “student paper” (iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nípamọ́), ẹ bi í léèrè kí ẹ tó bínú. Fún ẹ̀dà àkọ́kọ́, “no repository” (kí Turnitin má tọ́jú rẹ̀) ni kí ẹ yàn. Ẹ tún wo àmì àsíá tó wà nínú àbájáde Turnitin: ó ń tú àṣírí ẹni tó fi àwọ̀ funfun pa ọ̀rọ̀ mọ́, tàbí tó fi lẹ́tà èdè mìíràn rọ́pò lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì.

Apá tó ń sọ bóyá ẹ̀rọ AI ló kọ iṣẹ́, tó jáde lóṣù kẹrin ọdún 2023, kò yẹ kó wọ máàkì rárá. Turnitin fúnra rẹ̀ ní kí a má fi apá yìí nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà pa á tì lóṣù kẹjọ ọdún náà. Yorùbá kò sì sí lára èdè tó ń yẹ̀ wò.

Ohun tó burú jù ni Turnitin kò lè rí. Ẹni tó jókòó sílé, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kún igba (200) fọ́ọ̀mù ìbéèrè tó yẹ kí àwọn ẹlòmíràn kún, lè gba 5% pẹ̀lú àlàáfíà. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí ìlànà máàkì ṣáájú, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì rí i kó tó bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè ìwádìí 10, àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣáájú 15, ọgbọ́n ìwádìí 25, àbájáde àti àlàyé rẹ̀ 25, ìkọ̀wé àti ìtọ́kasí 10, ìdáhùn lẹ́nu 15. Inú 10 ti ìkọ̀wé yẹn ni kí Turnitin mọ. Bí olè bá hàn gbangba, ìgbìmọ̀ ni kó lọ, kì í ṣe máàkì. Kí olùkọ́ méjì máàkì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má rí ti ara wọn. Bí ìyàtọ̀ bá ju 10 lọ, ẹ pe ẹnì kẹta.

Lọ́jọ́ ìdáhùn, ẹ ní kó kó fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá. Ẹ fa mẹ́ta yọ, kó wá ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì Excel tàbí SPSS (ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ìwádìí) rẹ̀, kó sì ṣàlàyé bó ṣe yan ẹni tó fún. Ibẹ̀ ni 15 ti ìdáhùn lẹ́nu ti ń wá.