Bọ́ọ̀sì tó gbé wa lọ Róòmù láti Civitavecchia, tí ọkọ̀ ojú omi ò sì fi wá sílẹ̀

Fún ẹni tó ń kánjú: iṣẹ́ wọn dáa, owó wọn ò pa èèyàn, màá tún lò wọ́n tí mo bá tún gba ibẹ̀ kọjá. Ilé iṣẹ́ kékeré ni o, bọ́ọ̀sì elérò 8 ni wọ́n fi ń gbé èèyàn láti èbúté Civitavecchia lọ Róòmù, tí wọ́n á sì gbé e padà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ṣì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀.

Ẹ wò ó, ìwé kúrúsì (ìrìn àjò ìgbafẹ́ lórí omi) máa kọ "Róòmù" gàdàgbà-gadagba bíi pé tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà Póòpù nìyẹn. Irọ́ ni. Civitavecchia lọkọ̀ máa dúró sí, ibẹ̀ sí Róòmù sì tó kìlómítà 70 sí 80, tọ́nà bá dáa á gbà yín ní wákàtí kan àti díẹ̀, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà, Ọlọ́run ló mọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ náà ń ta ìrìn àjò tiwọn, owó gọbọi ni, wọ́n á kó yín bí èèyàn 40 tàbí 50 sínú bọ́ọ̀sì kan, gbogbo yín á wá máa tẹ̀lé ẹnì kan tó gbé pátákó nọ́ńbà sókè. Àmọ́ ohun kan wà tẹ́ ẹ ń sanwó fún níbẹ̀: tí bọ́ọ̀sì tiwọn bá pẹ́, ọkọ̀ máa dúró dè yín, tí ò bá sì lè dúró, àwọn ló máa náwó kẹ́ ẹ lè bá a ní èbúté tó kàn. Tẹ́ ẹ bá dá tiyín gbà níta tẹ́ ẹ sì pẹ́, ẹ̀yin àti orí yín ni.

Kì í ṣe àròsọ o. Lóṣù kẹta ọdún 2024, ní São Tomé tó wà nínú òkun nísàlẹ̀ Nàìjíríà níbẹ̀ yẹn, èrò 8 nínú ọkọ̀ Norwegian Dawn, ọmọ Amẹ́ríkà 6 àti ọmọ Australia 2, lọ gba ìrìn àjò tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n sì pẹ́ dé. Wọ́n ń fojú rí ọkọ̀ náà lórí omi o, wọn ò jẹ́ kí wọ́n gòkè. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọkọ̀ káàkiri Áfíríkà nìyẹn, wọ́n dé Gambia, ọkọ̀ ò rí èbúté Banjul wọ̀ torí omi fà, ó di Dakar ní Senegal kí wọ́n tó bá a.

Ìdí tí mo fi gba tàwọn elérò 8 yìí nìyẹn. Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp, kí wọ́n tó bi mí ohun tí mo fẹ́ rí, orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, ọjọ́ tó ń dé, àti aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Kì í ṣe aago tí ọkọ̀ máa gbéra o! Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa méjèèjì pọ̀. Tíwèé bá ní ọkọ̀ máa ṣí ní aago 7, èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé ní 6:30, òmíràn 6 pàápàá, tí wọ́n bá ti ká àtẹ̀gùn wọn sókè, ẹkún ò ràn án mọ́. Wọ́n tún ní tí ọkọ̀ ò bá rí èbúté wọ̀ torí ìjì, àwọn á dá gbogbo àsansílẹ̀ padà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Dírẹ́bà wa, bàbá kan tórí ẹ̀ ti pá, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Kó tó ṣáná sí mọ́tò, ó ní ká mú ìwé tí ọkọ̀ ń pín láràárọ̀ wá, ó yà á sí fóònù, ó wá fa téèpù funfun kan ya, ó fi bírò kọ aago mẹ́ta sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: ìgbà tá a máa kúrò ní Róòmù, ìgbà tá a máa dé èbúté, ìgbà tí ọkọ̀ máa tilẹ̀kùn. Gbogbo wa là ń rí i látẹ̀yìn. Ọ̀nà tó gbé e gbà náà gbọ́n, Colosseum, pápá ìṣeré ayé àtijọ́ tó jìnnà jù, ló kọ́kọ́ gbé wa lọ, ó wá ń kó wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, orísun omi Trevi, kó tó wá kan Vatican, torí apá ibẹ̀ lọ̀nà èbúté wà, tí àsìkò bá há, ẹ ti wà lójú ọ̀nà ilé.

Ní Trevi, àǹtí wa kan rí báàgì aláwọ, wọ́n ti ń ná an, wọ́n ní "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Bàbá yìí ò bínú, kò jà, ó kàn nàka sí téèpù, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Àǹtí wọlé, wọ́n ń fi Yorùbá bú u títí dé Vatican. Ìgbà tá a wá bọ́ sí títì A12 lálẹ́, tí ọkọ̀ ti forí sọra wọn níwájú, tí mọ́tò ò lọ mọ́, àǹtí yìí kan náà ló ń ní "Ọlọ́run á bù kún bàbá yìí o." A ṣì ní ju wákàtí kan lọ nílẹ̀ nígbà tá a dé èbúté.

Ẹjọ́ mi wá nìyí. Wọn ò sọ ọ́ kó yé wa pé dírẹ́bà kì í ṣe gáìdì. Ní Ítálì, ẹni tó bá máa ṣàlàyé nínú àwọn ibi ìtàn gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, nítorí náà ẹnu géètì ló ń já wa sí, ìyókù dọwọ́ wa. Tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum náà, orúkọ èèyàn àti aago ló máa ń wà lórí ẹ̀, ó dáa kẹ́ ẹ ti rà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tọkọtaya kan nínú wa ò mọ̀, ìta ni wọ́n ti ya fọ́tò. Tó bá sì jẹ́ Wẹ́sídé tí Póòpù ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lẹ máa lọ, ẹ máà fi Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù ṣe ibi àkọ́kọ́, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé.

Àwọn kan á ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò wọ tírénì. Òótọ́ ni, tírénì pọ́ọ́kú, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ máa gbé yín láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé Largo della Pace tí bọ́ọ̀sì èbúté ń dúró sí, ẹ wọ bọ́ọ̀sì mìíràn dé ibùdókọ̀ tírénì, ẹ wọ tírénì, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó San Pietro, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Vatican nìyẹn. Ìyanṣẹ́lódì ni wàhálà tiwọn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá yanṣẹ́ lódì, tírénì àdúgbò tí wọ́n ṣèlérí pé ó máa rìn ò ju aago 6 sí 9 àárọ̀ àti 6 sí 9 alẹ́ lọ. Ẹ máa rí ti àárọ̀ wọ̀ lọ o, àmọ́ kí ti alẹ́ tó gbé yín dé èbúté, ọkọ̀ yín lè ti wà lórí omi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á.

Ẹ tún fi aago ọwọ́ sí aago ọkọ̀, torí fóònù máa ń dá ara ẹ̀ yí padà, ọkọ̀ lè má yí tiẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tí nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté wà. Àwa tá à ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ wò ó dáadáa bóyá físà yín gbà kẹ́ ẹ wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí èbúté tó kàn lè wà níta àwọn orílẹ̀-èdè tí físà Schengen yẹn ń ṣiṣẹ́.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. AC bọ́ọ̀sì yẹn ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí wa lójú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n bá tún un ṣe, màá sọ ọ́ di 5.