Òrùlé PVC lórí ilé ìtajà wa ní Houston: ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ àwọn tó ń gùn ún

Ọdún 2021 la tẹ́ PVC sórí ilé ìtajà tí èmi àti ọkọ mi ní ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston. Òtútù burúkú oṣù Kejì ọdún náà, èyí tó pa iná ọba káàkiri Texas, ló bẹ́ páìpù omi wa nínú àjà. Nígbà tí wọ́n ṣí àjà láti tún páìpù ṣe la wá rí i pé omi òjò ti ń wọlé látòkè tipẹ́tipẹ́. Ayálégbé mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Méjì ń dáná: ọ̀kan ń din dòdò, ẹja àti ẹran láti àárọ̀ dalẹ́, èkejì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju adìẹ díndín lọ. Ẹni kẹta ń ṣe irun, ẹni kẹrin ń ta gàrí, èlùbọ́ àti ẹja yíyan. Mo ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nítorí pé ohun tó ń lọ lábẹ́ òrùlé ló yẹ kéèyàn wò kó tó yan òrùlé, kó tó wo iye tí agbaṣẹ́ṣe bá pè.

PVC tí mò ń sọ yàtọ̀ sí ti síìlì tí ẹ mọ̀ n'Ìbàdàn, ó sì yàtọ̀ sí ti páìpù omi. Ike kan náà ni, àmọ́ wọ́n ti po èròjà tó ń mú un rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi àwọ̀n okùn pọ́líésítà sí agbedeméjì rẹ̀. Ó dà bíi tapólì funfun tó nípọn. Ní ròòlù ló ń wá. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí òrùlé pẹrẹsẹ, wọ́n á fi súkúrù tàbí gúlù dè é mọ́lẹ̀, wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná jó etí rẹ̀ pọ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú wa. EPDM jẹ́ rọ́bà dúdú. TPO jẹ́ ike funfun mìíràn, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti PVC lọ; òun ló gbòde lórí àwọn ilé ìtajà tuntun ní Amẹ́ríkà báyìí, bó bá sì jẹ́ ilé ìkẹ́rù lẹ ní, tí ẹnikẹ́ni kì í dáná níbẹ̀, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àmọ́ fáànù tó ń fa èéfín jáde nílé ìdáná kì í fa èéfín nìkan. Ọ̀rá ń bá a jáde, á sì máa kán sórí òrùlé lójoojúmọ́. Rọ́bà EPDM máa ń mu ọ̀rá, á wú, á sì rọ̀. Ọ̀dà dúdú tó wà lórí ilé wa tẹ́lẹ̀ náà kò lè gbà á. Gbogbo ìdí fáànù aládìẹ ti di ẹrẹ̀. TPO ń gbìyànjú díẹ̀, kò tó PVC. Ohun tó jẹ́ ká gbà láti san owó tó lé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Chlorine ló lé ní ìdajì nínú ìwọ̀n ike yìí kí wọ́n tó po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, kì í sì í jẹ́ kí iná ràn bọ̀rọ̀: bí ohun tó ń jó o bá kúrò, iná orí rẹ̀ náà á kú. Ẹni tó ní agbada òróró méjì tó ń hó lábẹ́ òrùlé rẹ̀ kò ní fojú kéré ìyẹn.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òrùlé á sọ fún yín pé PVC máa ń fọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ PVC ìgbà tiwọn ni. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n tẹ́ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 kò ní àwọ̀n nínú. Èròjà tó ń mú un rọ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀, ike náà á sún kì, á le, bí òtútù bá wá mú un lójijì, á fọ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ní 1990, NRCA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ òrùlé àti SPRI tó jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe ṣíìtì jọ kọ ìkìlọ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí wọ́n ń tà fún ilé ìtajà lónìí ní àwọ̀n, ìlànà kan tó ń jẹ́ ASTM D4434 ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí nọ́ńbà yẹn kò bá sí nínú ìwé iye owó tí wọ́n fún yín, ẹ dá a padà.

Mil ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe nípọn tó. Mil kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 íńṣì. 50, 60 àti 80 ló wọ́pọ̀. A mú 60, nǹkan bíi mìlímítà kan àtààbọ̀. Àmọ́ gbogbo 60 kọ́ ló dọ́gba, agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ tó wá sì fi ìyẹn pa mọ́ fún wa. Ike tó wà lókè àwọ̀n ni oòrùn àti ẹsẹ̀ ènìyàn ń jẹ. Ọjọ́ tí àwọ̀n bá ti yọjú, òrùlé ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bèèrè bí ike òkè àwọ̀n ṣe nípọn tó, kí ẹ fi ti ilé-iṣẹ́ kan wé ti òmíràn. Àwọn kan, bíi FiberTite, ń lo ohun kan tí wọ́n ń pè ní KEE láti mú ike rọ̀, ìyẹn kì í sì í tètè jáde. Owó rẹ̀ ga, apò wa ò gbé e.

Ẹni tí a padà gbéṣẹ́ fún gé òrùlé àtijọ́ wò níbi mélòó kan kó tó dárúkọ owó. Ìpele méjì ló bá níbẹ̀. Òfin ìkọ́lé níbí kò gbà kéèyàn tẹ́ ìpele kẹta lé méjì, nítorí náà wọ́n hó gbogbo rẹ̀ kúrò dé orí irin tó gbé òrùlé ró. Ẹni tó pe owó tó kéré jù kò tilẹ̀ gun òkè. Ó ní òun á tẹ́ tòun lé e lórí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ká ní a gbà fún un, omi tó ti wọ inú fóòmù àtijọ́ ì bá há sábẹ́ PVC, kó sì máa jẹ irin lọ láìsí ẹni tó rí i. Yàtọ̀ sí èyí, PVC àti ọ̀dà dúdú kì í bára gbé. Epo inú ọ̀dà máa ń fa èròjà ìrọ̀ jáde kúrò lára PVC, bẹ́ẹ̀ náà ni fóòmù pólísítáírìn, èyí funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun. Bí ẹ kò bá ní hó ti àtijọ́, ohun kan gbọ́dọ̀ là wọ́n láàárín. Fóòmù polyiso, èyí líle tó ń dènà ooru, ni wọ́n tò sórí irin tiwa, wọ́n wá fi pátákó jípsọ́ọ̀mù bò ó, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe POP nílé. Pátákó yẹn ló ń gba ìyà yìnyín àti ti ẹsẹ̀. Wọ́n gé fóòmù náà kó máa dagẹ̀rẹ̀ ìdámẹ́rin íńṣì ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan títí dé ojú ihò omi. Owó kékeré kọ́, àmọ́ òjò Houston náà kì í ṣe òjò kékeré.

Ojú ìsopọ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú PVC. Ẹ̀rọ kan tó ń rìn fúnra rẹ̀ á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tó gbóná ju 500 dígírì Celsius lọ sáàárín ṣíìtì méjì, rólà á tẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì di ọ̀kan. Bó bá ti tutù, ẹ fà á: ṣíìtì ló máa ya, ojú ìsopọ̀ kò ní ṣí. Ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá yára jù, kò ní wọra. Bó bá falẹ̀ jù, á jóná. Oòrùn ọ̀sán yàtọ̀ sí ti àárọ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n máa fi àjákù dán ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe bí ojú ọjọ́ bá yí. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹnìkan á mú irin ṣóńṣó tí kò mú, á fà á gba gbogbo etí ìsopọ̀. Ibi tí irin bá ti wọlé kò jó dáadáa nìyẹn. Mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n rí àwọn ibi bẹ́ẹ̀, púpọ̀ jù ní igun àti ìdí páìpù, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ jó o. Ọkọ mi ní kí n sọ̀ kalẹ̀ nítorí oòrùn. Mi ò sọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan, Duro-Last wà lára wọn, máa ń jó èyí tó pọ̀ jù pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn ní ìwọ̀n òrùlé yín; bí nǹkan púpọ̀ bá yọ jáde lórí òrùlé yín, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Látìgbà náà, òjò kò tíì wọlé láti ojú ìsopọ̀ kankan. Onídìrí, tó máa ń pè wá nítorí ooru ní gbogbo oṣù Keje, ti dákẹ́. Owó iná dín kù, àmọ́ fóòmù tuntun náà ní tirẹ̀ nínú ìyìn yẹn. Funfun ṣíìtì kì í wà bẹ́ẹ̀ títí: Cool Roof Rating Council, àjọ kan tó ń wọn irú òrùlé báyìí, máa ń kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀ nípa bí ṣíìtì ṣe ń dá oòrùn padà, ti ìgbà tó wà ní tuntun àti ti ọdún mẹ́ta lẹ́yìn. Èkejì ni kẹ́ ẹ wò. Ìjì ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2024 fọ́ fèrèsé àwọn ilé gogoro àárín ìlú, kò sì pé oṣù méjì tí ìjì líle Beryl fi dé ní ọjọ́ 8 oṣù Keje. PVC wa dúró. Etí àti igun ni ìjì ti máa ń ká òrùlé, wọ́n sì ti to súkúrù jọ síbẹ̀ ju àárín lọ.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ló fojú òrùlé wa rí nǹkan. Ayálégbé kan pe ilé-iṣẹ́ kan láti wá pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Wọ́n tú ìbòrí irin ara ẹ̀rọ, wọ́n gbé e sílẹ̀ lórí PVC lásán, igun rẹ̀ sì gé e. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i, torí wọ́n bu ọ̀dà dúdú inú agolo bò ó kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì wí fẹ́nìkan. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa: àpò èlùbọ́ obìnrin tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ló rin gbindin. Nígbà tí a fi gòkè, ọ̀dà náà ti sọ PVC tó yí i ká di líle, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Ohun tí àlẹ̀mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ì bá tán di pé kí wọ́n gé apá kan tó fẹ̀ sọnù. Kí tuntun tó lè wọra mọ́ àtijọ́, wọ́n ní láti fi ọṣẹ fọ ojú àtijọ́, kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì fi oògùn tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìtì fọwọ́ sí nù ún. Ilé-iṣẹ́ amúlétutù náà san díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ariwo púpọ̀.

Àgádágodo ti wà lẹ́nu àkàbà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè á kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, á sì ya fọ́tò ibi tó ti ṣiṣẹ́ kó tó lọ. Àwọn ayálégbé kùn, wọ́n sì ti mọ́ ọn lára. A tún ní kí wọ́n jó ọ̀nà ìrìn mọ́ ọn, ṣíìtì tó nípọn tí ojú rẹ̀ ṣe gbágungbàgun, láti ẹnu àkàbà dé ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ìrì bá sẹ̀ sórí PVC funfun, ó lè gbé ọkùnrin gìrìpá ṣubú.

Pé PVC ń fara da ọ̀rá kò ní kí ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀ o. Bó bá jókòó pẹ́, á ba ike jẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ìwé wọ́ráńtì ló sì fi ìyẹn sínú àwọn ohun tí wọn kò ní san fún. NFPA 96, ìlànà fáànù ilé ìdáná, ní kí ohun ìgbàmọ́ ọ̀rá wà lára fáànù òrùlé. A kọ ọ́ sínú àdéhùn ilé pé ayálégbé ni yóò máa dà á nù. Ọṣẹ ìfọwó, omi àti burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó láti fọ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé kẹrosíìnì tàbí tínà gòkè. Agbaṣẹ́ṣe wa ń wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé, àti lẹ́yìn ìjì ńlá. Ihò omi ni mo máa ń wò fúnra mi, torí ewé àti ìwé tí wọ́n fi ń di oúnjẹ kì í gbọ́ ti ẹni kankan. Bí omi bá ṣì dúró lójú kan lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ pè wọ́n.

Wọ́ráńtì ọdún 20 dùn létí, àmọ́ ẹ ka inú rẹ̀. Àwọn kan yọ yìnyín kúrò, àwọn kan ní ìwọ̀n ìjì tí wọn kì í kọjá, ọ̀pọ̀ ló sì máa di òfo bí ẹni tí wọn kò fọwọ́ sí bá tún òrùlé náà ṣe. Ìwé àyẹ̀wò àti fọ́tò wa wà nínú fáìlì, torí wọ́n lè bèèrè rẹ̀. Lórí adójútòfò, ẹ wò ó bóyá ìdá nínú iye owó ilé ni wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ san fúnra yín bí yìnyín bá bà á jẹ́. Ní Texas, owó yẹn lè ju owó àtúnṣe gan-an lọ.

Àwọn ẹ̀gbọ́n kan ti bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn kó o lọ sórí dẹ́kìn tí àwọn ní ní Lekki. Ẹrù rẹ̀ á dé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jó, tó ní ẹ̀rọ rẹ̀, tó sì máa wà níbẹ̀ bó bá ya lọ́dún mẹ́fà òní ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Bí a bá tún tẹ́ òmíràn, 80 mil ni n ó ní kí wọ́n lò yí ká àwọn fáànù, kí 60 wà níbi yòókù. N ó sì ní kí wọ́n gbé ìdí fáànù ga sí i kí PVC tó dé. Íńṣì mẹ́jọ ló kéré jù tí àwọn oníṣẹ́ òrùlé ń fẹ́ kó fi ga ju ilẹ̀ òrùlé lọ. Ti aládìẹ wa kò fi nǹkan kan jù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni burọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́ jù.