Àwo Howells tó ń há ní Sáàmù 121

Ibi tó dùn jù nínú àwo yìí gan-an ló ti ń há. Orin akọrin tí Herbert Howells, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ni, CD àlòkù tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ń kọrin ní ìjọ Áńgílíkà ti mọ Magnificat, orin ìyìn Màríà, tó kọ fún King's College ní Cambridge, n kò ní dúró lórí ìyẹn. Requiem, orin ìsìnmi òkú, ni mo bá lọ. Kò sí dùùrù ńbẹ̀, ohùn ènìyàn lásán ni. Wọ́n dé Sáàmù 121, wọ́n gbé ojú sókè sí orí òkè, CD bá há: òkè, òkè, òkè, òkè. Ìrànlọ́wọ́ kò dé.

Mo gbé e padà. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà hàá ooru ẹnu sí i, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún yípo yípo (láti àárín bọ̀ síta la máa ń nù ún!), ó ní, "Ó ti mọ́, màdáàmù." Mo ní kó gbé e sí ẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀rọ àwọn wà fún ẹni tó fẹ́ rajà. Ṣé èmi wá tọrọ ni? Ó yẹ rìsíìtì mi wò níwájú lẹ́yìn, ó tún gbé e sókè sí iná bíi pé ayédèrú owó ni. Ó wá ní kí n kàn fo ibẹ̀. Kí n fo Sáàmù 121!

Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló yọjú láti ẹ̀yìn. Kò bèèrè rìsíìtì. Ó gbé àwo sí ẹ̀rọ, ó gbọ́ "òkè, òkè", ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín pa èmi náà. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ikú Michael ló bí Requiem yìí, ọmọ Howells tí àrùn rọpárọsẹ̀ pa lọ́dún 1935, ọmọ ọdún 9. Bẹ́ẹ̀ 1932 ni bàbá ti kọ ọ́! Ẹ̀yìn ikú ọmọ ló tó mú lára Requiem lọ sínú Hymnus Paradisi, iṣẹ́ orin rẹ̀ mìíràn, ó sì fi ìyẹn pamọ́ títí àwọn akọrin fi kọ ọ́ ní gbangba ní Gloucester lọ́dún 1950. Ó bá mi wá àwo mìíràn, kò gba owó kankan.

Èyí kò há. Níbi "Requiem aeternam" (ìsinmi ayérayé), ohùn ń wọnú ohùn débi pé n kò mọ báàsì yàtọ̀ mọ́, èmi tí mo ń kọ báàsì obìnrin, ìyẹn áàtò, láti kékeré. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́.

Àmọ́ kí n tó jáde, ọmọkùnrin yẹn gba owó ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Owó ọ̀rá, lórí ọjà tí wọ́n ń pààrọ̀!

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Stabat Mater, orin Howells mìíràn, ni màá lọ wá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.