Ìgò ashwagandha méjì lórí káńtà kan náà

Ẹni tó bá wọ fámásì ní Adó-Èkìtì, tó ní másùnmáwo ò jẹ́ kóun sùn, ashwagandha wà lára ohun tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀. Gbòǹgbò ewéko ilẹ̀ Íńdíà ni. Ọjà gidi ni, àmọ́ àtèyí tó lágbára àtèyí tí ò ju ìyẹ̀fun lásán lọ, orí káńtà kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó.

Ẹ̀yìn ìgò ni kẹ́ ẹ kà. Wọ́n á kọ “root powder 500 mg” sára ọ̀kan: gbòǹgbò tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀ kúnná nìyẹn. Wọ́n á kọ “root extract 300 mg, 5% withanolides” sára èkejì: èyí ni wọ́n fa agbára inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Ìdá 5 nínú 100 lára 300 mg jẹ́ 15 mg withanolide, ìyẹn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò náà. Nínú gbòǹgbò lílọ̀ lásán, kì í sábà pé ìdá 1 nínú 100, torí náà 500 mg yẹn lè má mú 5 mg wá. Nọ́ńbà ńlá iwájú ìgò ló ń tan oníbàárà jẹ.

Orúkọ tó yẹ kẹ́ ẹ wá lára ìgò ni KSM-66 tàbí Sensoril, orúkọ ọjà tí wọ́n fún irú èyí tí wọ́n fa agbára rẹ̀ jáde. KSM-66 jẹ́ gbòǹgbò nìkan. 300 mg láàárọ̀, 300 mg lálẹ́, ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣèwádìí ní Íńdíà fún 60 ọjọ́ lọ́dún 2012, tí másùnmáwo àwọn tó lò ó sì dín kù ju tàwọn tí wọ́n fún ní kápúsù tí ò ní ashwagandha nínú lọ. Sensoril ní ewé nínú, ó sì le ju ìyẹn lọ, ìdá 10 nínú 100 ni withanolide rẹ̀. Ìgò tó bá to ewé mẹ́wàá pọ̀ sábẹ́ “proprietary blend” (àdàlù àṣírí iléeṣẹ́) láìsọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà.

Ẹ tú kápúsù kan sórí àwo. Ó yẹ kó korò lẹ́nu, kó sì máa rùn díẹ̀díẹ̀ bí ibùso ẹṣin. Òórùn ẹṣin gan-an ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Bó bá dùn, ẹ fura.

Ẹ̀yìn oúnjẹ ni lílò rẹ̀. Lórí ikùn òfìfo, ó ń rú inú, ó sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Iyán alẹ́ tó wọlé ṣáájú rẹ̀ ò ní pa á lára. Kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 8 ló ń gbà kó tó ṣiṣẹ́, ẹni tó sì ń jẹ obì àbàtà láago mẹ́sàn-án alẹ́ kó má dá ìgò lẹ́bi àìsùn.

Rhodiola, ewéko mìíràn tó sábà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ti àárọ̀ ni. Ara tó ti rẹ ló wà fún, bẹ́ ẹ bá lò ó lálẹ́, ojú yín á dá.

Lásìkò òjò, kápúsù máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ má ju àpò kékeré inú ìgò nù, ẹ má sì gbé ìgò sórí fíríìjì, ibẹ̀ ń gbóná.

Aboyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti tírọ́ìdì tàbí ti oorun, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó rà á. Ẹ má fi ọtí tàbí àgbo tí wọ́n fi ọtí sè lé e, oorun rẹ̀ á pọ̀ jù. Denmark tiẹ̀ ti fòfin dè é lọ́dún 2023. Ó ṣọ̀wọ́n o, àmọ́ ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́: bí ara bá ń yún yín, tí ojú yín pọ́n bí epo òróró, tí ìtọ̀ yín dúdú bí omi obì, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó, ó wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ mú ìgò náà dání lọ.