Irinṣẹ́ tó ń bá agent AI ṣí liquidity pool: bí nọ́ńbà kan nínú ìwé ìlò ṣe gba 120 USDC lọ́wọ́ mi

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí: "1". Inú ìwé ìlò irinṣẹ́ kan ló wà, èyí tó ń jẹ́ kí agent AI (ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ tí a bá rán an) fúnra rẹ̀ ṣí liquidity pool lórí blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a kì í lè pa rẹ́. Mi ò ní dárúkọ irinṣẹ́ náà. Àwọn tó ń lò ó yóò dá a mọ̀.

Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mo wà, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, níbi tí mo ti ń kọ agent fún àwọn oníbàárà. Ẹni tí kò bá mọ pool, kó rántí àwọn obìnrin tó ń ṣe pààrọ̀ owó lọ́nà Ìlárá: náírà lápá kan tábìlì, sẹ́fà lápá kejì, ẹni tó bá gbé ọ̀kan wá á gbé èkejì lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ́ tábìlì pool ló ń sọ iye tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ sódì, kò sí ẹni tí yóò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kìlọ̀ fún un.

USDC àti DAI, oríṣi owó orí blockchain méjì, ni mo fẹ́ fi ṣí tèmi, 120 níhìn-ín, 120 lọ́hùn-ún. Dọ́là kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Ìwé ìlò ní bí owó méjèèjì bá tó ara wọn, kí a kọ 1 sí iye ìbẹ̀rẹ̀. Agent mi kà á, ó kọ 1. Èmi náà wò ó, mo ní ó dáa, mo fọwọ́ sí i. Ó ṣe tán, mo ti dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí Sepolia, blockchain ìdánwò tí owó ibẹ̀ kì í ṣe owó gidi, ó sì lọ geere.

Ohun tí ìwé náà kò sọ ni pé irinṣẹ́ náà kì í ka 1 yẹn sí dọ́là kan sí dọ́là kan. Ẹyọ tó kéré jù lọ nínú owó kọ̀ọ̀kan ló ń kà. DAI kan jẹ́ ẹyọ tí òdo 18 tẹ̀ lé 1. USDC kan, òdo 6 péré. Bí agent mi ṣe kọ 1 báyìí, ó ti ta USDC mi ní pọ́ọ́kú, ní iye tó kéré sí iye rẹ̀ gan-an ní ìlọ́po tírílíọ̀nù kan. Lórí Sepolia, owó ìdánwò méjèèjì tí mo lò ló ní òdo 18, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àṣìṣe náà hàn.

Mo wo wallet mi, àpò tí mo ń tọ́jú owó wọ̀nyí sí. USDC 120 ti lọ. DAI ṣì pé 120, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ó ń dúró de nǹkan ni. Kí n tó tún ojú ewé náà ṣí, ẹnìkan ti fi èérún DAI, èyí tí ojú kò lè rí, kó gbogbo USDC náà lọ. Owó tó lé ní 60,000 sẹ́fà! Àyà mi já.

Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú lóru ni mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn: kí n lọ ka ìwé ìlò. Ní òwúrọ̀, ọmọkùnrin kan kọ̀wé pé agent mi ló ṣàṣìṣe, kí n kọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹrú là ń rán ni, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Agent kò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Èèyàn tó bá ka "1" lè dúró, kó bi ẹnìkejì. Ẹ̀yin kọ ìwé fún ẹni tí kì í béèrè, ẹ wá fo ohun tó yẹ kó béèrè!

Mo fi èsì gígùn ránṣẹ́, mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, obìnrin kan lára wọn kọ̀wé sí mi lédè Faransé, nítorí ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò já geere. Kò bá mi jiyàn. Ó gba nọ́ńbà ìdúnàádúrà náà, ó tọ ipa owó náà títí dé àpò tó gbé e, ó wá ní: "Ìwé wa ló ṣì yín lọ́nà, ẹ má bínú." Ó sọ òótọ́ fún mi pé kò sí ẹni tó lè dá a padà lórí blockchain. Lẹ́yìn náà ló béèrè bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ tábìlì Ìlárá fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti ń ṣe pààrọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, ti bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o kà á sókè létí oníbàárà kó o tó na ọwọ́?" Ìyẹn gan-an ni mo kọ sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ní báyìí, iye òdo owó kọ̀ọ̀kan wà lókè ojú ewé, àpẹẹrẹ USDC àti DAI wà níbẹ̀, àti pé kí agent tó ṣí pool, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta pé "DAI 1 yóò gba USDC iye báyìí" kí n tó fọwọ́ sí i. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ 1, ó dá agent dúró, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé irinṣẹ́ yìí kò fi kọ́kọ́rọ́ wallet lé agent lọ́wọ́ rárá, láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn tí mo ti lò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlò rẹ̀ ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa fi 20 USDC ṣí òmíràn. Máàkì tí mo fún irinṣẹ́ náà: 2 nínú 5.