Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tọ́jú apá màmá mi: iná mànàmáná àti róbọ́ọ̀tì

Ilé ìtọ́jú kan ní London ni màmá mi ti lo ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún wọn. Ti iná mànàmáná ni mo fẹ́ràn jù. Páàdì méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá, nísàlẹ̀ ìgúnpá. Bí wọ́n bá tàn án, iná kékeré á ta iṣan jí, ìka tó ti ká jọ á sì là. Màmá ní ó dà bíi kí èèrà máa rìn lára, kò dùn wọ́n. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣí ọwọ́ fúnra wọn, kí iná tó wọlé. Ìgbìyànjú yẹn gan-an ló ń kọ́ ọpọlọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife ike dé ẹnu, omijé bọ́ lójú mi.

Róbọ́ọ̀tì ní tiẹ̀ ń ru ìwúwo apá, ó ń darí rẹ̀ síbi àmì tó wà lójú kọ̀ǹpútà, léraléra. Àmọ́ owó rẹ̀ ga jù. Ìwádìí RATULS, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 770 èèyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, tó sì jáde ní 2019, rí i pé apá àwọn tó lo róbọ́ọ̀tì kò ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ lọ. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún wa kí wọ́n tó gbowó.

Ẹni tó bá ní pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí lílù ọkàn, láyà, kó bi dókítà rẹ̀ kí páàdì tó kàn án lára. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá físíò fúnra rẹ̀ ló máa jókòó tì yín.