Ṣòkòtò iṣẹ́ Iron Forge ti ilé-iṣẹ́ aláṣọ Patagonia: orúnkún rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ká fi àwọ̀ àti àpò sílẹ̀ ná. Orúnkún ni ṣòkòtò iṣẹ́ ti ń yege tàbí kùnà, ibẹ̀ gan-an ni èyí sì ti dára jù. Aṣọ méjì ni wọ́n gbé lé ara wọn lórí orúnkún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ẹnu sílẹ̀ nísàlẹ̀ láìrán an pa. Ẹnu yẹn kì í ṣe àṣìṣe télọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti ki fóòmù bọ inú rẹ̀ tí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ ìkúnlẹ̀, ibẹ̀ náà ni èérún pákó àti iyanrìn ń gbà jábọ́. Èyí tí wọ́n bá rán pa yíká, iyanrìn á há sáàárín aṣọ méjèèjì, á máa ha á láti inú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kúnlẹ̀. Ìta á ṣì máa dán, inú á ti jẹ tán.

Kánfáásì áúnsì 12 ní yáàdì kan onígun mẹ́rin ni, ìyẹn bíi gíráàmù 400 ní mítà kan onígun mẹ́rin. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù kò lè fara da ilẹ̀ kọnkéré fún ìgbà pípẹ́. Nínú ìdá 100, hemp kó 55, pólísítà àtúnlò kó 27, òwú tí wọn kò fi kẹ́míkà apakòkòrò gbìn kó 18. Ìran kan náà ni hemp àti igbó, àmọ́ hemp kì í pani bí ọtí. Èèpo ara igi rẹ̀ ni wọ́n ń bó ṣe fọ́nrán. Fọ́nrán náà gùn, ó yi ju ti òwú lọ, bí ẹ bá sì ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni ó ń rọ̀ sí i. Ṣòkòtò yìí kò sì le gbagidi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bíi kánfáásì olówùú.

Pólísítà yẹn kò dùn mọ́ wa nínú. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ́ kí aṣọ tètè gbẹ, kó má sì tètè fàya. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́ ni fọ́nrán ike tín-tìn-tín ń bá omi lọ, nígbà tó bá sì di àkísà, ó ṣòro láti ya ike kúrò lára hemp. Hemp àti òwú nìkan ni a ì bá fẹ́, kódà bí yóò bá tètè gbó díẹ̀.

Nípa ìwọ̀n, ẹ má gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹsẹ̀ bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, tó sì súnkì ní ìdá 3 péré nínú 100, ó ti dín ní sẹ̀ǹtímítà 2.4, èyí tó tó láti ṣí ọrùn ẹsẹ̀ síta. Omi tó gbóná dé ìwọ̀n 30 Sẹ́síọ̀sì ti tó. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fa síìpù rẹ̀ pa, kí ẹ sì sá a sórí okùn. Bí ẹ bá ká a ní tútù tí ẹ sì ń gbo ó, ojú ibi tó ká á ṣá, ìlà funfun yẹn kò sì ní kúrò mọ́. Ẹrẹ̀ ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n.

Ìpàdé itan ni kí ẹ máa ṣọ́. Ibẹ̀ ni ojú rírán ti ń pàdé, tí ẹ bá sì lóṣòó, ibẹ̀ ló ń gba agbára jù. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú, àsìkò àbùlẹ̀ ti tó, ẹ má dúró kó lu. Láti inú ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Kí àbùlẹ̀ náà fi sẹ̀ǹtímítà 2 kọjá ibi tó ti gbó yíká, kí igun rẹ̀ rí roboto, nítorí igun ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Kó má sì nípọn ju ṣòkòtò náà lọ. Àbùlẹ̀ tó bá wúwo jù, etí rẹ̀ gan-an ni aṣọ yóò ti tún ya.